Ilé Àwọn Abókùúsọ̀rọ̀ ní San Diego: Ìtàn Villa Montezuma

Ní àdúgbò Sherman Heights nílùú San Diego, ní ìpínlẹ̀ California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé onígi kan wà ní igun tí òpópónà K ti pàdé òpópónà 20. Villa Montezuma ni wọ́n ń pè é. Òrùlé rẹ̀ ní ṣóńṣó lóríṣiríṣi, ilé ìṣọ́ rẹ̀ yọ sókè, àwọn fèrèsé rẹ̀ aláràbarà sì máa ń tàn yanran nígbà tí oòrùn bá kọjú sí wọn. Àwọn ará ìlú ní iwin ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ìránṣẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ kú ló pokùn so nínú ilé ìṣọ́ náà, pé àwọn tó ń kọjá lóru máa ń rí ojú rẹ̀ lókè, àti pé dùùrù a máa dún nínú ilé nígbà tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀.

Ìtàn ìránṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún àlejò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí ilé náà. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀, ọ̀fọ̀ tí ogun fi sílẹ̀ sọ́kàn àwọn ìyá, àti ojú irin tó sọ ìlú kékeré di ọjà ilẹ̀ lójijì, àwọn ló bí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òkú tó ń rìn nínú ilé Montezuma, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Kumeyaay ló ni ilẹ̀ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti fi gbé etíkun yẹn, láti San Diego títí wọ inú ilẹ̀ tí a ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Juan Rodríguez Cabrillo gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1542 lórúkọ ọba Sípéènì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ará Sípéènì tó padà wá tẹ̀dó. Ní oṣù Keje ọdún 1769, àwọn ọmọ ogun wọn àti àlùfáà Junípero Serra pàgọ́ sẹ́bàá abúlé Kumeyaay tí wọ́n ń pè ní Cosoy, wọ́n sì dá ilé ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1775 àwọn Kumeyaay dìde sí wọn. Wọ́n dáná sun ilé ìjọ náà, wọ́n sì pa àlùfáà Luis Jayme.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ìtàn ìdìde yẹn. Àwọn ìwé ìjọ ìgbà náà fi Jayme hàn bí ajẹ́rìíkú tí àwọn aláìgbàgbọ́ pa. Àwọn Kumeyaay ní tiwọn ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbà padà, pé wọ́n sì ń gbẹ̀san ohun tí ojú àwọn obìnrin wọn rí. Níbi yìí, ìwé Jayme fúnra rẹ̀ gbe àwọn Kumeyaay lẹ́yìn: ní 1772, ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun Sípéènì ń fipá bá àwọn obìnrin abúlé lò pọ̀. Ẹni tí ọfà bà kọ́ ni ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ní 1821 Mẹ́síkò gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì, San Diego sì di ti Mẹ́síkò. Ní 1846 Amẹ́ríkà gbógun ti Mẹ́síkò. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1848, California bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó bi àwọn Kumeyaay léèrè. Kí òǹkàwé fi ọdún 1848 yẹn sọ́kàn, nítorí nǹkan méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí yóò dé bá ilẹ̀ yìí bó pẹ́ bó yá.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Hydesville, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, ní òpin oṣù Kẹta. Ọmọbìnrin méjì, Maggie àti Kate Fox, sọ pé nǹkan kan ń kan ògiri ilé àwọn lóru, pé bí àwọn bá bi í ní ìbéèrè, ó ń fi ìró dáhùn. Àwọn aládùúgbò péjọ. Wọ́n ní òkú alájàpá kan tí wọ́n pa, tí wọ́n sì sin sábẹ́ ilé náà, ló ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìjókòó àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ti di ẹ̀sìn káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì sọdá òkun lọ sí England àti Faransé.

Kí ló mú kó tàn báyẹn? Ìdáhùn kan ni pé àwọn ọmọdé ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà, àwọn oníwàásù tó le sì ń sọ fún ìyá pé ọ̀nà ti dí láàárín òun àti ọmọ rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdájọ́. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, a kì í sọ pé òkú ti lọ pátápátá. Ará ọ̀run a máa bọ̀ wá nínú eégún, Babátúndé àti Yétúndé sì wà nínú ilé tí wọ́n ń jẹun. Àwọn ìyá Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn wá jà láti 1861 sí 1865, ó lé ní 600,000 ọmọ ogun tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní sàréè tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo gbà pé ogun yìí, ju ìró ògiri Hydesville lọ, ló sọ àwọn abókùúsọ̀rọ̀ di alágbára. Ẹni tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ sin yóò jókòó sínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí pé ọmọ náà yóò fọhùn.

Èkejì ni ìbí ọmọkùnrin kan. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, wọ́n bí Benjamin Henry Jesse Francis Shepard sí Birkenhead ní ilẹ̀ England. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi gbé e sọdá òkun lọ sí Illinois, sí oko kan ní agbègbè Sangamon. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, nígbà tí ìjà lórí òwò ẹrú ń ya Amẹ́ríkà sí méjì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó gbọ́ tí Abraham Lincoln àti Stephen Douglas ń bára wọn jiyàn ní Alton ní 1858. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọ̀gágun John Frémont ní St. Louis.

Ọmọkùnrin yìí ní ẹ̀bùn méjì: ọwọ́ gbígbòòrò lórí dùùrù àti ohùn tó lè wọlẹ̀ bí ti àgbà ọkùnrin, kó tún lọ sókè bí ti obìnrin. Ó lọ sí Paris ní 1869 láìlówó lọ́wọ́, ó sì fi orin rẹ̀ wọ ilé àwọn ọlọ́lá. Láti ibẹ̀ ó dé Rọ́ṣíà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé Rọ́ṣíà ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ìjókòó àwọn abókùúsọ̀rọ̀, pé òun sì ṣeré níwájú ààfin. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, òun àti Helena Blavatsky, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Theosophy sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, pàdé ní Vermont ní 1874. Ọ̀rẹ́ wọn kò tọ́jọ́. Blavatsky kọ̀wé tako ohun tí Shepard ń sọ nípa àwọn ọjọ́ rẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Níbi yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu Shepard ni a ní lápá kan, ìwé ọ̀tá rẹ̀ ni a sì ní lápá kejì. Èmi kì í gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́ tán.

Ohun tó dájú ni ohun tí àwọn èèyàn rí. Yóò ní kí wọ́n pa iná. Yóò jókòó sídìí dùùrù nínú òkùnkùn, orin yóò sì tú jáde láìsí ìwé orin níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìró tó dà bí ìlù àti kàkàkí, ohùn ọkùnrin àti ti obìnrin ń tẹ̀ lé ara wọn. Ó ní Mozart, Beethoven àti àwọn akọrin ńlá tó ti kú ló ń lo ọwọ́ òun. Kódà àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ òkú gbọ́ jẹ́rìí sí i pé orin náà ga.

Nígbà tí Shepard ń rin ayé kiri, San Diego ń sùn. Ní 1867 Alonzo Horton dé láti San Francisco, ó sì ra 960 éékà ilẹ̀ gbígbẹ létí èbúté ní 265 dọ́là láti fi dá ìlú tuntun sílẹ̀. Ní àsìkò kan náà, ọmọ ogun àtijọ́ kan, Matthew Sherman, ra 160 éékà lórí òkè tó wà níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Horton. Ibẹ̀ ló di Sherman Heights. Ìlú náà kò tètè gbèrú. Ìkànìyàn 1880 rí 2,637 èèyàn péré níbẹ̀.

Ojú irin ló jí i. Ní 1885 ọkọ̀ ojú irin so San Diego mọ́ ìyókù Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ ojú irin méjì, Santa Fe àti Southern Pacific, bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn du èrò, tí wọ́n ń já owó ọkọ̀ walẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1887, owó ọkọ̀ láti Kansas City sí Los Angeles já di dọ́là kan ṣoṣo. Èèyàn ya wọ gúúsù California bí omi. Wọ́n ń ra ilẹ̀ ní San Diego pẹ̀lú àsansílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó san ìyókù. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn ìlú náà súnmọ́ 40,000 nígbà tí ọjà ilẹ̀ gbóná jù lọ.

Nínú èrò wọ̀nyẹn ni àwọn abókùúsọ̀rọ̀ wà lọ́pọ̀. California fà wọ́n mọ́ra, nítorí ìjọ àtijọ́ kò tíì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ débi tí yóò fi lé wọn. Ní 1888 wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀ ní Summerland, nítòsí Santa Barbara. Ní 1896 wọ́n tún dá ibùdó sílẹ̀ ní Harmony Grove, nínú agbègbè San Diego fúnra rẹ̀. Àwọn olóko méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, William àti John High, wà lára àwọn onígbàgbọ́ yìí. Wọ́n gbọ́ orin Shepard, wọ́n sì pinnu láti kọ́ ilé fún un kó lè dúró lọ́dọ̀ wọn.

Ibi tí ìtàn ti yà sí méjì nìyí. Àwọn kan ní àwọn òkú ló bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ́ ààfin fún akọrin, tí wọ́n fi fi oko wọn dógò. Àwọn òpìtàn mìíràn tẹnu mọ́ èrò àwọn oníṣòwò ìlú: San Diego ní ilẹ̀ láti tà, kò sì ní ohun tó lè mú kí àwọn olówó ìlà-oòrùn gbà pé ọ̀làjú ti débẹ̀. Akọrin tó ti jókòó lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Paris dára fún ìpolówó. Kò yẹ kí a mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ ló ṣí àpò àwọn High, ìpolówó ló mú kí ìlú pàtẹ́wọ́ sí i.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ayàwòrán-ilé Comstock àti Trotsche, ilé sì parí ní 1887. Wọ́n fi orúkọ Montezuma, ọba àwọn Aztec, pè é. Inú rẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ wà. Igi pupa California àti igi wọ́nọ́tì tí wọ́n dán ló bo ògiri. Àjà ilé jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n tẹ̀ jáde lára bí awọ. Yàrá orin gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà tán, òun sì ni ọkàn rẹ̀. Sappho, akéwì obìnrin Gíríìkì àtijọ́, wà nínú fèrèsé ńlá. Beethoven àti Mozart wà lára àwọn gíláàsì mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán Rubens àti Raphael. Goethe, Shakespeare àti Corneille náà gba ààyè tiwọn. Bí a bá wò ó dáadáa, ojúbọ ni Shepard kọ́ fún àwọn òkú tó sọ pé wọ́n ń ti ọwọ́ òun kọrin. Àwọn àlejò ń jókòó sáàárín wọn lálẹ́, nígbà tí kò sí iná àfi èyí tó bá gba ara gíláàsì wọlé.

Lawrence Tonner, akọ̀wé àti alábàágbé rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé náà. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì fi wà papọ̀, nínú ọlá àti nínú ìṣẹ́. Ìtàn ilé yìí kì í sábà fún Tonner ní ààyè tó tọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ẹrù náà jù.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní 1888 ọjà ilẹ̀ fọ́. Àwọn tó rà láwìn kò rí ẹni tí wọn yóò tà á fún, àwọn báńkì ń béèrè owó wọn, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ìkànìyàn 1890 rí 16,159 èèyàn. Ní ọdún kan náà tí ọjà fọ́, ní oṣù Kẹwàá, Maggie Fox dúró lórí pèpéle nílùú New York, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé oríkèé ẹsẹ̀ àwọn ló ń dún ní Hydesville, kì í ṣe òkú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ púpọ̀ ti ṣá. Ohun méjèèjì tó gbé Villa Montezuma ró, owó ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òkú, wó lábẹ́ ilé náà nígbà tí kò tíì pé ọdún méjì.

Shepard ti rí i. Ó ti wọ ìjọ Àgùdà nígbà tó wà ní San Diego, ó sì ti ń kọ àròkọ. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Paris ní 1889, ní èdè Faransé. Lọ́dún yẹn kan náà ló ta ilé pẹ̀lú ohun inú rẹ̀, tí òun àti Tonner sì padà sí Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ó gbé orúkọ Jesse Shepard jùnù, ó di Francis Grierson, ó sì kọ *The Valley of Shadows*, tó jáde ní 1909, nípa Illinois ìgbà èwe rẹ̀ àti ìjì tó ń bọ̀ ṣáájú ogun. Ìwé náà dára gan-an, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà láàyè nítorí rẹ̀ ju nítorí iwin lọ.

Ẹni tó ra ilé náà ni David D. Dare, ọ̀kan lára àwọn tó ń darí California National Bank ní San Diego. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1891 báńkì náà ti ilẹ̀kùn, owó àwọn ará ìlú sì há sínú rẹ̀. Dare wà lókè òkun, kò sì padà wá. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, J. W. Collins, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ti kú sínú omi, ni àwọn agbófinró mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892 ó yìnbọn pa ara rẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú.

Níbi yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ìtàn ẹnu ní ìránṣẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀ pa ara rẹ̀ nínú ilé ìṣọ́. Ìtàn náà kò ní orúkọ, kò ní ọdún. Ìwé ìròyìn ìgbà náà ní tirẹ̀ ní ọkùnrin kan tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó pa ara rẹ̀, tí ó sì jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ ẹni tó ni ilé. Èrò tèmi ni pé ikú Collins ló rìn láti hòtẹ́ẹ̀lì wá sí ilé ìṣọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ọ̀gá báńkì sì di ìránṣẹ́ lẹ́nu àwọn asọ̀tàn. Ìrántí àwọn tó pàdánù owó wọn kò parẹ́. Ó kàn wá ilé tí yóò máa gbé ni.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ègún wà lórí ilé náà, pé kò sẹ́ni tó rà á tó rọ́wọ́ mú. Òótọ́ ni pé ó ti ọwọ́ dé ọwọ́ láti ìgbà Dare. Àmọ́ ilé ńlá tí wọ́n kọ́ nígbà tí owó pọ̀, tí ìlú tó yí i ká sì fọ́, ìnáwó lórí rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ onílé lọ. Gbèsè ni ègún náà.

Grierson padà sí Amẹ́ríkà ní 1913, ó sì parí ayé rẹ̀ ní Los Angeles. Ní 1921 ó tún gbé ìwé jáde, ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn olóṣèlú tó ti kú rán sí òun ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó sá fún ní San Diego ti bá a lọ́jọ́ ogbó. Ìṣẹ́ bá a débi pé ó fi aago tí wọ́n ní ọba Edward Keje fún un dógò. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1927, àwọn ọ̀rẹ́ kó ara wọn jọ láti dá owó fún un, ó sì tẹ dùùrù fún wọn. Orin parí, ó tẹ orí ba, wọ́n rò pé ó ń sinmi. Nígbà tí Tonner fọwọ́ kàn án, ó ti kú.

Ní San Diego, àwọn olówó kó kúrò ní Sherman Heights, àwọn ará Mẹ́síkò àti àwọn aláwọ̀ dúdú sì kó wọlé, nítorí ibi tí wọ́n lè gbé láìsí ìdènà kò pọ̀. Ìjọba la ọ̀nà ńlá Interstate 5 kọjá láàárín òkè náà àti àárín ìlú, ó sì gé àdúgbò náà sọ́tọ̀. Àsìkò yìí ni òkìkí iwin Montezuma rinlẹ̀. Òṣèrébìnrin kan tó ti ṣe sinimá nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn ló gbé ibẹ̀ títí ó fi darúgbó, ilé sì ń gbó mọ́ ọn lórí. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọdé ń sá fún un. Ẹ̀rù ilé tí a pa tì ni wọ́n ń bà, wọ́n sì fún ẹ̀rù náà lórúkọ òkú.

Ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn San Diego ló gba ilé náà sílẹ̀. Wọ́n fi sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1971, wọ́n sì ṣí i bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1972. Iná jó apá kan rẹ̀ ní 1986, wọ́n sì tún un ṣe. Ní 2006 wọ́n tì í nítorí pé ara ilé ti mì. Àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ Villa Montezuma sílẹ̀ láti wá owó àtúnṣe. Ìjọba ìlú ló ni ilé náà, àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí sì máa ń mú àlejò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá dé San Diego, kó bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i, kó sì wọ yàrá orin. Kó béèrè nípa Tonner àti Collins, àti nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò High. Kó sì béèrè nípa àwọn Kumeyaay pẹ̀lú, nítorí wọn kò tíì kú tán: wọ́n wà ní agbègbè San Diego títí di òní, pẹ̀lú ìjọba tiwọn, wọ́n sì ń sọ ìtàn 1775 fún àwọn ọmọ wọn.